97% yẹn ò sọ pé model yín dá ewé tó ń ṣàìsàn mọ̀

Ó ń jáde ṣáá nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe model (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fọ́tò ewé dá àrùn mọ̀) ní Ìlọrin níbí, ó sì ń bí mi nínú: bí accuracy (ìpín ìdáhùn tí model gbà nínú gbogbo rẹ̀) bá ti wọ 97%, iṣẹ́ parí nìyẹn, confusion matrix, tábìlì tó ń fi ìdáhùn model wé òtítọ́, kàn wà nínú orí kẹrin fún ẹ̀ṣọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ewé ẹ̀gẹ́, torí àwọn àgbẹ̀ ìhà Òmù-Àrán àti Ọ̀fà ló yẹ kí irú model bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní. Ká ní fọ́tò ewé 1,000 la fi dán an wò, tí 50 péré nínú wọn ní àrùn mosaic. Model tó bá pe gbogbo wọn ní onílera ti gba 95%, kò sì rí ẹyọ aláìsàn kan. Ìyẹn ò ṣòro láti yé èèyàn.

Kíka tábìlì confusion matrix náà ló ń dà wọ́n láàmú. Ká ní model wa rí 30 nínú 50 tó ní àrùn, ó fo 20, ó sì pe 10 nínú 950 tí ara wọn le ní aláìsàn. Bí 0 bá jẹ́ onílera, tí 1 jẹ́ aláìsàn, ohun tí scikit-learn (àkójọ irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń ṣe model) máa tẹ̀ jáde ni 940 àti 10 lókè, 20 àti 30 nísàlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ewé jẹ́ gan-an, òpó kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí model pè é. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé, apá òsì lókè ni wọ́n ń kọ aláìsàn tí a rí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fọ́múlà inú ìwé, á gbé e lé tábìlì scikit-learn, á fi 950 pín 940, á sì kọ ọ́ pé recall òun (ìpín tí model rí nínú gbogbo aláìsàn) tó nǹkan bí 99%. Irọ́ ni. 30 nínú 50 ni, 60% péré. Àwọn ewé tí ara wọn le ni 99% yẹn ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ohun tó ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ ni pé accuracy ò ní yẹ̀: 940 pẹ̀lú 30 náà ni, ibi yòówù kí ẹ ti kà á. Kódà bí ẹ bá fi ìdáhùn model ṣíwájú òtítọ́ nígbà tí ẹ ń pe confusion_matrix, àṣẹ scikit-learn tó ń ṣe tábìlì yìí, 97% ló máa dúró. Recall tó jẹ́ 60% àti precision (ìpín tó ṣàìsàn lóòótọ́ nínú àwọn tí model pè ní aláìsàn, 30 nínú 40) tó jẹ́ 75% á kàn gbapò ara wọn, kọ̀ǹpútà ò sì ní kìlọ̀ fún yín.

Bẹ́ẹ̀ igi ẹ̀gẹ́ la fi ń gbin ẹ̀gẹ́. Ìdí ẹ̀gẹ́ 20 tí model fò yẹn, àgbẹ̀ á gé igi wọn, á fi gbin oko tuntun, àrùn á sì bá a débẹ̀. 10 tó pè ní aláìsàn lásán, igi díẹ̀ ló máa ṣòfò.

Mi ò ní accuracy ò wúlò rárá o. Bí aláìsàn àti onílera bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí àdánù àṣìṣe méjèèjì sì jọra, ó lè tó. Oko ni kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ labels=[1, 0] sínú confusion_matrix kí aláìsàn lè wà lókè. Bí ẹ bá lo ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, tí ẹ ò sì kọ labels, álífábẹ́ẹ̀tì ni scikit-learn máa fi tò wọ́n. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ro ìlà aláìsàn pọ̀: bí kò bá jẹ́ 50, ìlà mìíràn lẹ kà.