Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Àtijọ́ àti Bíréèkì Dísìkì: Ṣé Wọ́n Lè Bára Mu?

Ìbéèrè: Kẹ̀kẹ́ orí òkè mi ti pẹ́, nǹkan bí 1995 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà méjì ló ń há ríìmù mọ́ra tí mo bá fún bíréèkì. Tí ríìmù bá ti lè tutù báyìí, kì í tètè dúró mọ́. Ṣé mo lè gbé bíréèkì dísìkì sí i?

Ìdáhùn: Ẹ lè gbé e sí i, àmọ́ ibi tí kálípà (ohun tó ń há dísìkì, ìyẹn awo irin tó ń bá táyà yí, mọ́ra) máa jókòó sí ni wàhálà ẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì iwájú lápá òsì, nísàlẹ̀ níbi tí táyà ti wọlé. Ṣé etí irin kékeré kan tó ní ihò méjì wà níbẹ̀? Bí ihò náà bá fi mílímítà 51 jìnnà síra, irú etí tí wọ́n ń pè ní IS nìyẹn. Mílímítà 74 ni ti irú kejì, tí wọ́n ń pè ní post mount. Bí kò bá sí etí kankan, kálípà ò níbi tó máa dì mú.

Ìbéèrè: Ṣé wẹ́dà ò lè jó etí náà mọ́ ọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó nǹkan kan mọ́ fọ́ọ̀kì. Ẹ fi ìka tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀: bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń tín-ín-rín sí i. Òkè tó nípọn ni bíréèkì àtijọ́ ti ń di kẹ̀kẹ́ mú, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì jọ ń gbé e. Dísìkì ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń fà, nísàlẹ̀ pátápátá. Fọ́ọ̀kì tí wọn ò ṣe fún irú ẹ̀ lè tẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Ẹ̀yìn yàtọ̀ díẹ̀. Bí férémù bá jẹ́ irin, ẹni tó mọ iṣẹ́ férémù dáadáa lè jó etí mọ́ ọn. Alumíníọ̀mù kọ́ o! Iná máa ń sọ ọ́ di rírọ̀ níbi tí wọ́n bá ti jó o, àfi kí wọ́n tún gbé gbogbo férémù sínú ìléru kó tó le padà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá fún bíréèkì, iwájú ni gbogbo ìwúwo yín ń rọ́ lọ, òun ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wá fọ́ọ̀kì tó ti ní etí tiẹ̀, kí ọ̀pá ọrùn rẹ̀ sì bá ti férémù mu, íǹṣì 1 tàbí 1⅛. Kó má ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀, torí á gbé imú kẹ̀kẹ́ sókè, kò sì ní fẹ́ yà wẹ́rẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá táyà iwájú tí họ́ọ̀bù rẹ̀ (àárín táyà) gba dísìkì, tí sípóòkù rẹ̀ sì kọjá lórí ara wọn. Ríìmù ì báà tiẹ̀ wọ́ díẹ̀, bíréèkì ò ní mọ̀. Ní ti ẹ̀yìn, rọ́bà tuntun ti tó o.

Ìbéèrè: Ọwọ́ bíréèkì tó wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ti V-brake, irú bíréèkì rọ́bà kan tó ń fa wáyà gùn, ó bá kálípà oníwáyà tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ orí òkè mu. Ti cantilever, irú bíréèkì rọ́bà mìíràn, kì í fà tó bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Kálípà olóròóró, tí òróró ń tì dípò wáyà, ní ọwọ́ tiẹ̀.

Ẹ má fi ìka tí òróró wà lára ẹ̀ kan dísìkì o. Bíréèkì tuntun kì í kọ́kọ́ mú. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú, kẹ́ ẹ sáré, kẹ́ ẹ rọra fún un títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́ dúró, bí ìgbà ogún, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sórí òkè.