Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ Linux orí mainframe láti orí láptọ́ọ̀pù yín

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ Linux orí mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn báńkì ń lò, nígbà tí kò sí báńkì tó máa jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú yín ti tó. Linux tí ẹ ti mọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, bí dísìkì rẹ̀ ṣe ń ṣí, àti bó ṣe ń jí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi àkókò yín sí.

Mainframe tí mò ń sọ ni kọ̀ǹpútà ńlá ti IBM, tí wọ́n ń pè ní IBM Z lónìí. Ìdílé rẹ̀ ti wà láti 1964, nígbà tí IBM kéde System/360. Linas Vepstas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti gbé Linux lọ síbẹ̀ kí àwọn ẹnjiníà IBM ní Böblingen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tó gbé tiwọn síta ní Oṣù Kejìlá 1999. Tàwọn ará Böblingen ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Debian, ọ̀kan lára àwọn tó ń pín Linux, ti ń gbé ẹ̀dà tirẹ̀ jáde láti 2002, ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo sì máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú. s390x ni orúkọ tí ẹ óò máa rí lára àwọn fáìlì rẹ̀.

Bí Debian tàbí Ubuntu bá wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, tí Docker (ètò tó ń ṣí Linux kékeré sínú àpótí tirẹ̀) sì wà níbẹ̀, ẹ fi qemu-user-static sí i, kí ẹ wá tẹ èyí:

docker run --rm -it --platform linux/s390x debian bash

Ẹ tẹ uname -m, tó ń sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ wà lórí rẹ̀. Bó bá dáhùn pé s390x, ẹ ti wọlé nìyẹn. Yóò falẹ̀ díẹ̀, torí QEMU ń ṣe ògbufọ̀ gbogbo àṣẹ fún láptọ́ọ̀pù yín.

Ẹ dán ètò tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ wò níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù máa ń to báìtì nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá, mainframe sì máa ń tò ó láti iwájú lọ. Bí ètò yín bá kọ 258 sínú fáìlì ní báìtì méjì lórí láptọ́ọ̀pù, tí kò sọ bó ṣe tò ó, mainframe yóò kà á sí 513. Ẹ wo irú rẹ̀ nínú ìwé owó oníbàárà!

Fún ẹ̀rọ gidi, IBM ní LinuxONE Community Cloud, níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní Linux kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 120. SSH, ọ̀nà àtiwọ ẹ̀rọ tó jìnnà, lẹ fi ń wọlé, wọ́n sì ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún yín. Ìtòsílẹ̀ yẹn dùn, àmọ́ ó ń fi ibi tó le pa mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Hercules, ètò ọ̀fẹ́ tí Roger Bowler bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Odidi mainframe ló ń ṣàfarawé, tòun ti dísìkì rẹ̀. Ẹ̀dà Debian tó ti pẹ́ díẹ̀ ló bá a mu jù.

Níbẹ̀ lẹ óò ti pàdé DASD, ìyẹn dísìkì. Nọ́ńbà bíi 0.0.0150 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, kò sì ní hàn sí Linux títí ẹ óò fi ṣí i pẹ̀lú chzdev -e 0.0.0150. Lẹ́yìn náà ni dasdfmt, tó ń pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kí fdasd tó pín in. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi lsdasd wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ dasdfmt.

Ohun tí ẹ mọ̀ sí boot, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń jí, IPL ni wọ́n ń pè é níbí, zipl ló sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gbàgbé rẹ̀ rí. Mo fi dísìkì tuntun kún /etc/zipl.conf, fáìlì tí zipl ń kà, àti /etc/fstab, àkọsílẹ̀ àwọn dísìkì tí Linux gbọ́dọ̀ ṣí, mi ò tẹ zipl, mo sì tún ẹ̀rọ tàn. Linux ò rí dísìkì náà, SSH ò dìde, ojú 3270, tẹ́míná mainframe, nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Odidi ìlà ni 3270 máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí èèyàn bá tẹ Enter, nítorí náà vi, ètò tí a fi ń tún fáìlì ṣe lójú ìwòran, ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Sed, tó ń fi ìlà àṣẹ kan ṣoṣo tún fáìlì ṣe, ni mo fi ti ìlà dísìkì yẹn pa nínú fstab kí ẹ̀rọ tó gbà láti jí, mo wá tẹ zipl, mo sì dá ìlà náà padà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ fi sed tún fstab ṣe níṣojú mi kí n tó fún un ní DASD kankan.