Níbo ni kuku sabzi ti ṣẹ̀ wá?

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn láti máa pe kuku sabzi, ewé àti ẹyin tí àwọn ará Ìráànì ń sè pọ̀ nínú páànù, ní "frittata àwọn ará Ìráànì". Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. A kì í fi orúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n. Nínú frittata, ẹyin díndín àwọn ará Ítálì, ẹyin lọ̀gá, ewé kàn wá kí i ni. Nínú kuku sabzi, ewé ló nilé: parsley, dill, ewé coriander, ewé shanbalileh (fenugreek) díẹ̀ torí pé ó korò, àti tareh tó dà bí ewé àlùbọ́sà tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á rẹ́ gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́ títí yóò fi kún abọ́ ńlá, wọ́n á wá po ẹyin márùn-ún tàbí mẹ́fà mọ́ ọn, kí ewé ṣáà ti lè di ara wọn mú. Àwọn mìíràn á fi walnut sí i, àti zereshk, èso pupa wẹ́wẹ́ tó kan.

Ìyá kan, ọmọ bíbí Rasht nítòsí Òkun Caspian, ló kọ́ mi ní sísè rẹ̀ ní London níbí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ni pé ewé gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí omi bá kù lára rẹ̀, kuku á máa ṣomi, kò sì ní wú. Àárọ̀ ni wọ́n ti tẹ́ ewé sórí aṣọ funfun, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, kò sí ófùnù nílé. Orí èédú ni wọ́n ń gbé páànù kà, wọ́n á dé e, wọ́n á kó ẹyin iná sórí ọmọrí, kí ooru lè ti òkè àti ìsàlẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹni tó ń yan kuku nínú ófùnù lónìí kò da àṣà kankan rú.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sọ́dọ̀ orúkọ. Sabz ni àwọ̀ ewé lédè Páṣíà, èdè àwọn ará Ìráànì, sabzi ni ewébẹ̀. Ẹ wò ó: wọ́n fi àwọ̀ sọ ewé lórúkọ, àwa fi ewé sọ àwọ̀ lórúkọ. Ní ti kuku, àdàbà ló máa ń mú mi rántí. Àwọn akéwì wọn gbọ́ igbe ẹyẹ náà bíi "ku, ku", bẹ́ẹ̀ "níbo" ni ku túmọ̀ sí. Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn.

Ìdáhùn mi ni pé Páṣíà, ìyẹn Ìráànì àtijọ́, ló ni ín, láti ìgbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò tíì débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo adìẹ. Ní ọdún 414 ṣáájú ìbí Kristi, Aristophanes ará Gíríìsì pe àkùkọ ní ẹyẹ Páṣíà nínú eré rẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ Páṣíà ni wọ́n fi ń dá ẹyẹ náà mọ̀, ta ni yóò sọ fún mi pé ẹyin ṣọ̀wọ́n nílé ìdáná wọn? Ẹ tún wo ewé. Aspanakh àwọn ará Páṣíà, ewé tí òyìnbó ń pè ní spinach, ló di espinaca lẹ́nu àwọn ará Sípéènì. Nígbà tí ewé náà dé Ṣáínà ní ọdún 647, ewébẹ̀ Páṣíà ni wọ́n pè é. Ẹyẹ jẹ́ orúkọ Páṣíà, ewé jẹ́ orúkọ Páṣíà. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé àwọn méjèèjì kò pàdé nínú páànù kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà yẹn.

Mo tilẹ̀ rò pé mo mọ ọjọ́ tí wọ́n pàdé. Nígbà òtútù, tí ojúmọ́ kúrú, adìẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yé. Bí ọjọ́ bá ti ń gùn sí i, yíyé á bẹ̀rẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni yìnyín ń yọ́ tí ewé àkọ́hù ń yọrí. Ìgbà yẹn ni Nowruz, ọdún tuntun wọn, máa ń bọ́ sí, ní ogúnjọ́ tàbí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta. Títí dòní, wọn kì í fẹ́ kí kuku sabzi wọ́n lórí tábìlì Nowruz, ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì eléwé àti ẹja ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹyin dúró fún ọmọ bíbí, ewé fún àtúnbí ilẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ilé ti ṣófo tẹ́lẹ̀, tí ẹyin àti ewé wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ni àwọn ìyá ti rò ó pé kí àwọn pò ó pọ̀.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù wà ní Íńdíà. Nígbà tí ìjọba àwọn Sasanian, àwọn ọba tó ń ṣàkóso Páṣíà kí Ìsìláàmù tó dé, wó ní ọdún 651, àwọn kan lára àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster, ẹ̀sìn àtijọ́ Páṣíà, ṣí lọ sí Gujarat nígbà tó yá; àwọn là ń pè ní Parsi. Ẹ wọ ilé ìdáná Parsi lónìí, ẹ óò bá ẹyin tí wọ́n fọ́ sórí ewé shanbalileh, sórí aspanakh, kódà sórí ilá. Per eedu ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà sísè yàtọ̀ o, ṣùgbọ́n ìdílé ni. Èmi gbà pé wọ́n gbé èrò náà kúrò nílé ni.

Àwọn kan ní 'ujja, ẹyin díndín àwọn Lárúbáwá, ni bàbá rẹ̀, torí pé ó wà nínú ìwé ìdáná tí Ibn Sayyar al-Warraq kọ ní Baghdad láàárín ọdún 900 sí 1000. Wọ́n gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ Ctesiphon, olú ìlú àwọn Sasanian, ni wọ́n tẹ Baghdad dó sí ní ọdún 762, àti pé orúkọ Páṣíà kún inú ìwé náà: sikbaj, ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n fi ọtí kíkan sè, ńkọ́? Àwọn ará Tọ́kì náà ní kaygana, oúnjẹ ẹyin tiwọn, àmọ́ khagineh ti Páṣíà ni wọ́n yí padà, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹyin. Ti tortilla, ẹyin díndín Sípéènì, kò gba àríyànjiyàn: ọ̀dùnkún inú rẹ̀, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Azerbaijan ń pè é ní kükü. Gáàsì dé, ófùnù dé, baking powder dé. Lẹ́yìn ọdún 1979 ọ̀pọ̀ ará Ìráànì kó lọ sí Los Angeles, wọ́n ń ra ewé tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti fi sí yìnyín. Ní ọjọ́ kẹtàlá ọdún tuntun, Sizdah Bedar, wọn kì í jókòó sílé. Wọ́n á fi kuku tútù sáàárín búrẹ́dì, wọ́n á gbé e lọ sí etí odò, níbi tí wọ́n ti ń da ewé àlìkámà tí wọ́n gbìn fún Nowruz sínú omi tó ń ṣàn.