Ẹ má fi Wi-Fi ilé dán kòkòrò kọ̀ǹpútà wò

Ọmọ àdúgbò wa kan ló pè mí lálẹ́ Sátidé kan, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, láptọ́ọ̀pù màmá mi ti di pupa.” Mo ní kí ló ń jẹ́ di pupa, ló bá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mi ò tíì wò ó tán tí mo ti mọ̀ ọ́n: ojú pupa, àwòrán àgádágodo, aago méjì tó ń ka àkókò lọ sílẹ̀, wọ́n ní ká san 300 dọ́là ní Bitcoin. WannaCry ni, ransomware ni, ìyẹn kòkòrò tó máa ń ti fáìlì èèyàn pa, á ní kéèyàn sanwó kí òun tó ṣí i. Kòkòrò tó jà káyé lọ́dún 2017, òun ló lọ fọwọ́ ara ẹ̀ wá a jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ń kọ́ cybersecurity, òun fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ti rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi í ni pé ṣé o ti pa ẹ̀rọ yẹn. Ó ní òun ti pa á, òun tún tàn án, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Háà! Ará Faransé kan, Benjamin Delpy, ṣe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ wanakiwi, ó máa ń lọ wá nọ́ńbà tí WannaCry fi ṣe kọ́kọ́rọ́ nínú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ, ó sì máa ń rí i nígbà míì lórí Windows 7 bíi ti màmá yìí, àmọ́ téèyàn bá ti lè pa ẹ̀rọ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.

Ohun tí ò yé ọmọ yìí ni pé inú VM ló ti dán an wò, nínú láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ ní yàrá. Ti màmá ẹ̀ wà ní pálọ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tó tẹ link kankan. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ń ti ṣubú.

VM, kọ̀ǹpútà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni lóòótọ́, ohun tó bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, ẹ lè fi snapshot dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀. Àmọ́ snapshot ò lè pe ohun tó ti jáde padà wálé. Bridged ni ọmọ yìí fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì VM ẹ̀ sí, ìyẹn ni pé ráútà fún VM ní àdírẹ́sì tiẹ̀ bó ṣe fún fóònù gbogbo ará ilé, fún TV, fún kámẹ́rà ẹnu géètì. WannaCry ò sì dúró de kẹ́nì kan tẹ nǹkan. Ó máa ń lọ kan ilẹ̀kùn 445, ibi tí Windows ti ń pín fáìlì àti printer, lára gbogbo ẹ̀rọ tó bá rí, èyí tí ò bá gba update, ó ti wọlé. Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde ní March 2017, bí oṣù méjì kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ ní May 12, àmọ́ láptọ́ọ̀pù màmá yìí, àtìgbà tí wọ́n ti rà á, ta ló ráyè update, ṣebí data wọ́n.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọmọ yẹn rò pé òun ti ṣọ́ra. Kó tó tẹ fáìlì yẹn, ó pa data lórí ráútà, ó ní tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá ti sí, kí ni kòkòrò fẹ́ ṣe? Ẹ wò ó, WannaCry tó kọ́kọ́ jáde, kó tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ wá wẹ́ẹ̀bù kan tó ní orúkọ gbọọrọ tí ò nítumọ̀. Tí wẹ́ẹ̀bù yẹn bá dáhùn, á kàn dákẹ́ ni. Marcus Hutchins, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló forúkọ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀ gan-an, bó ṣe dá a dúró nìyẹn, kòkòrò ti wọ àwọn ọsibítù NHS, ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó dìgbà yẹn. Torí náà, íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yìí pa ni ì bá gbà á sílẹ̀. Ó pa íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi Wi-Fi ilé sílẹ̀ ní títàn, kòkòrò wá ẹni tó máa ní kó dákẹ́, kò rí, ló bá yíjú sí àwọn ará ilé.

Ẹ má wá sọ pé “NAT ni tèmi” o, ìyẹn ètò tí VM fi ń gba ara láptọ́ọ̀pù jáde dípò kó ní àdírẹ́sì tiẹ̀ lọ́dọ̀ ráútà. NAT inú VirtualBox ò jẹ́ kí ará ìta wọlé bá VM, àmọ́ VM fúnra ẹ̀ lè jáde lọ bá ẹ̀rọ inú ilé dáadáa. Shared folder tẹ́ ẹ fi ń gbé fáìlì wọlé náà, lójú ransomware, folder bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, á tì í pa. “Mo kàn ń dán an wò ni” náà ò gba èèyàn ní kóòtù. Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cornell, tú kòkòrò kan sílẹ̀ lọ́dún 1988, ó ju bó ṣe rò lọ, ó dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà dúró, probation ọdún 3 àti owó ìtanràn 10,050 dọ́là ló bá a délé.

Tó bá jẹ́ antivirus lẹ fẹ́ dán wò, EICAR wà, fáìlì ìdánwò ni, lẹ́tà 68 péré, kì í pa nǹkan kan lára, àwọn tó ń ṣe antivirus kàn jọ gbà pé táwọn bá rí i, àwọn á pariwo. Tó bá jẹ́ ìṣe kòkòrò lẹ fẹ́ wò, wẹ́ẹ̀bù kan wà, ANY.RUN, wọ́n á tú u sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tiwọn, ẹ̀yin á máa wòran, ẹ má kàn gbé fáìlì ọ́fíìsì yín lọ síbẹ̀ torí tọ̀fẹ́ yẹn, gbogbo ayé ló ń rí i. Ẹni tó bá ṣì láyà lẹ́yìn ìyẹn, kó wá láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, kó pa Wi-Fi ẹ̀, kó fi VM sí internal network, níbi tí ò ti lè kan ẹ̀rọ ìta kankan, kó má ṣí shared folder kankan.

Hard drive kan tí màmá ń tọ́jú sínú wọ́dúróòbù la ti rí fọ́tò ìsìnkú bàbá wọn àti ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù títí dé December, ti January sí April ti lọ. Ẹ má fi hard drive inú wọ́dúróòbù rẹ́rìn-ín o. Ní June 2017, nígbà tí kòkòrò míì, NotPetya, wọ Maersk, àwọn olọ́kọ̀ òkun Denmark, ẹ̀rọ tó mọ ẹni tó lè wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, kárí ayé, ẹyọ kan ló yè, ó wà ní Ghana, torí iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé. Wọ́n fi bàálù gbé hard drive ẹ̀ wá sí Nàìjíríà, ẹlòmíì gbà á, ó di London.

Data ara ẹ̀ ni ọmọ yẹn fi ń kàwé báyìí. Màmá ti ní kí n yí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un.