Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè dáàbò bo laptop rẹ̀ lọ́wọ́ olè? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe nítòsí ọgbà yunifásítì. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn máa ń bi mí jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí ná: laptop tí olè bá ti gbé lọ, ó ṣòro kó tó padà wá. Ohun tí a bá ṣe kí ọjọ́ náà tó dé ló ṣe pàtàkì, pàápàá lórí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, torí owó lè ra ẹ̀rọ mìíràn, kò lè ra project tí ènìyàn fi odindi ọdún kan kọ.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n jí fóònù ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́pàá tọpa rẹ̀ títí wọ́n fi rí i. Kí ló dé tí wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún laptop mi?

Torí pé fóònù máa ń dárúkọ ara rẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, laptop kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo fóònù ló ní nọ́ńbà IMEI, oní-díjíìtì 15. Gbàrà tí ẹnikẹ́ni bá ki SIM bọ inú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti rí nọ́ńbà yẹn, wọ́n ti mọ SIM tó wà nínú rẹ̀ àti òpó tó ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ọlọ́pàá ń tẹ̀ lé nìyẹn.

Laptop tí kò ní ojú SIM kò ní IMEI. Wi-Fi ló fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ MAC address lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ router tàbí hotspot tó so mọ́ ni nọ́ńbà yẹn máa ń parí sí, kì í jáde débi tí àwọn tó wà níta máa fi rí i. Serial number tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kì í kéde ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìwúlò rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí laptop náà, òun lo máa fi hàn pé tìẹ ni.

Ohun tó lè tọpa laptop ni ètò tí ìwọ fúnra rẹ bá ti tan sílẹ̀. Lórí Windows 11, wọ Settings, lẹ́yìn náà Privacy & security, kí o wá Find my device. Lórí Windows 10, abẹ́ Update & Security ló wà. Microsoft account lo gbọ́dọ̀ fi wọlé, kí o sì tan location. Bí laptop náà bá tún wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wàá rí ibi tó wà lórí account.microsoft.com. Àmọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí: ẹni tó bá fi fláṣì gbé Windows tuntun sí i ti pa ètò yẹn rẹ́, iṣẹ́ náà kì í sì í gbà tó wákàtí kan.

Mac le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní chip T2, tàbí M1 sókè, ní Activation Lock. Bí o bá ti tan Find My sórí rẹ̀, olè lè pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kò ní rí i lò láìsí password Apple rẹ. Kódà bí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Bluetooth rẹ̀ lè tipasẹ̀ iPhone ẹni tó ń kọjá lọ fi ibi tó wà hàn ọ́. Bó ti wù kó rí, yálà Windows ni o tàbí Mac, tan án lónìí.

Ẹ̀njíníà, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń gbé. Ibo gan-an ni wọ́n ti ń jí nǹkan yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mà. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ronú nípa ẹni tó ń já ilẹ̀kùn wọlé lóru. Ohun tí àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń sọ yàtọ̀ sí i. Ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Yàrá ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni, squatter, ẹni tí kò ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, tún wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó jáde kẹ́yìn rò pé ẹnìkan ṣì wà nínú ilé. Ẹni tó lọ wẹ̀ rò pé òun ò ní pẹ́. Ẹni tó wọlé lásìkò náà kò jọ olè rárá, á rọra kan ilẹ̀kùn, bó bá bá ènìyàn níbẹ̀, á ní Túndé lòun ń wá, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Fèrèsé ló tẹ̀ lé e, àgàgà ní ilé tí wọ́n ń háyà lẹ́yìn ọgbà, tí yàrá bá wà nísàlẹ̀. Irin fèrèsé kì í dí ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Wọ́n á fi abẹ gé nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ọ̀pá fa ohun tó wà lórí tábìlì dé ojú irin, wọ́n á dà á ní ẹ̀gbẹ́, ó ti bọ́ síta. Kí laptop ọmọ yín má sun orí tábìlì tó wà lábẹ́ fèrèsé láé.

Lẹ́yìn èyí ni TDB, ìwé àkàmọ́jú tí wọ́n ń lọ kà ní kíláàsì. Tó bá di bí aago mẹ́ta òru, oorun á gbé ọmọ lọ, orí á wà lórí ìwé, laptop á wà lójú iná níwájú rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iná fúnra rẹ̀: bí kò bá sí iná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ á gbé laptop lọ gba iná ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tàbí ní kíláàsì, wọ́n á fi í síbẹ̀, wọ́n á lọ jẹun. Mo rọ̀ yín, ẹ bá a sọ èyí yékéyéké ju ti olè òru lọ.

Ẹ ra àgádágodo tó lágbára fún lọ́kà tàbí àpótí irin rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn òun nìkan. Báàgì tó rí bíi báàgì laptop ń pe olè. Báàgì ìwé lásán dára jù ú lọ, kó sì gbé e kọ́ àyà nínú kòrópè tàbí lórí ọ̀kadà. Bí ilé ìwé bá sì ti pa, kó gbé e wálé, bó ti wù kí ìsinmi náà kéré tó. Nígbà tí ASUU yan iṣẹ́ lódì ní oṣù kejì ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ó gbà kí wọ́n tó wọlé padà. Yàrá tó ṣófo fún oṣù mẹ́jọ kò ní olùṣọ́.

Okùn irin tí wọ́n fi ń so laptop mọ́ tábìlì ńkọ́?

Ó wúlò ní ilé ìkàwé. Ilé iṣẹ́ Kensington ló gbé e jáde ní 1992, ihò tó ń bọ̀ sí, ní ẹ̀gbẹ́ laptop, kò ju bíi mìlímítà 7 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀ lọ. ThinkPad, HP EliteBook àti Dell Latitude tókùnbọ̀ tó pọ̀ lọ́jà wa sábà máa ń ní ihò yìí. Ọ̀pọ̀ laptop pẹlẹbẹ tuntun àti MacBook kò ní in. Kò lè dá ẹni tó mú irinṣẹ́ ìgérin wá dúró. Ẹni tó ń kọjá lọ, tó kàn fẹ́ gbé e sínú báàgì kó sì máa rìn, ni ó ń dá dúró. Kí o sì wo ohun tí o so ó mọ́: bí ẹsẹ̀ tábìlì bá ṣeé gbé sókè, okùn náà á yọ jáde lábẹ́ rẹ̀.

Password wà lórí tèmi. Ṣé olè ṣì lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rí gbogbo rẹ̀, ibi tí mo ti rí i pé ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù nìyí. Password Windows dà bí ẹ̀ṣọ́ tó dúró sẹ́nu géètì nígbà tí ẹ̀yìnkùlé kò ní ọgbà. Inú SSD tàbí hard disk ni iṣẹ́ rẹ wà, àwọn yẹn kò sì mọ ohunkóhun nípa password rẹ. Ẹni tó bá tú ìdè ìsàlẹ̀ laptop, tó yọ SSD, tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, gbogbo fáìlì ló máa ṣí. Èmi fúnra mi máa ń ṣe é fún àwọn tí laptop wọn kú, kí n lè bá wọn yọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà kan náà ló ṣí sílẹ̀ fún olè.

Encryption ló ń dí ọ̀nà yìí. Ó ń sọ gbogbo ohun tó wà lórí SSD di àdììtú, chip kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM, tó wà nínú laptop náà, ló sì ń pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá yọ SSD lọ síbòmíràn, wótòwótò ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Lórí Windows Pro, BitLocker lorúkọ rẹ̀. Lórí Windows Home, wá Device encryption nínú Settings. Bí ẹ̀rọ rẹ bá gbà á, wàá rí i níbẹ̀. Lórí Mac, FileVault ni.

Mo bẹ̀ ọ́, má fojú fo èyí: recovery key kan wà, oní-díjíìtì 48. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mótábọ́ọ̀dù tàbí tí nǹkan yí padà nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tan, Windows lè béèrè rẹ̀, bí o kò bá sì ní in, ìwọ tó ni ẹrù náà kò ní rí iṣẹ́ rẹ mọ́, kò sì sí ohun tí èmi tàbí oníṣẹ́ mìíràn lè ṣe sí i. Wò ó bóyá ó wà nínú Microsoft account rẹ, kí o tún kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nílé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ.

Encryption kò sì ràn ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n bá gbé laptop náà nígbà tó ṣí sílẹ̀. Tẹ bọ́tìnnì Windows àti L pọ̀ nígbàkígbà tí o bá fẹ́ dìde, ó ti tì pa.

Project mi wà lórí fláṣì. Ṣé kò tíì tó?

Ibo ni fláṣì náà wà? Bó bá jẹ́ inú àpò báàgì laptop ni, bí wọ́n bá gbé báàgì, wọ́n gbé méjèèjì. Mo ti rí ọmọ ọdún ìkẹyìn tó sunkún lórí àga mi nítorí èyí, a kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Google Drive ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, OneDrive ń fúnni ní 5GB. Project tí o fi Word kọ, láti orí kìíní dé orí karùn-ún, kì í sábà ju MB díẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó data kò tó ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù. Jẹ́ kó máa gbé ara rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀. Ìlérí pé "màá ṣe é lópin ọ̀sẹ̀" kì í ṣẹ. Fi fláṣì sí ibòmíràn. Orí tí o bá parí, fi ránṣẹ́ sí supervisor rẹ nípa email, ẹ̀dà rẹ̀ á wà nínú Sent. Bí o bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí Drive, ọjọ́ 30 ló máa lò nínú Trash kó tó lọ pátápátá. Ìwé questionnaire tí àwọn ènìyàn kọ ìdáhùn sí, má sọ ọ́ nù títí o ó fi di gíráńdúéètì.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé tèmi lọ láàárọ̀ yìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Mú fóònù rẹ. Pààrọ̀ password email rẹ lákọ̀ọ́kọ́, torí email ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ìyókù, kí o sì yọ laptop náà kúrò lára ẹ̀rọ tó wà lórí account rẹ. Ṣí WhatsApp, wọ Linked devices, kí o lé e jáde níbẹ̀. Bí password báǹkì rẹ bá wà nínú browser, pe báǹkì lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé kí laptop náà tó gba géètì jáde, kí o tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Gba police extract, ìwé ẹ̀rí pé o ti fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí, kí o sì ṣe ìbúra ní kóòtù. Fún àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti àwọn tó ń ta ṣájà ní serial number rẹ. Olè tí kò mọ password ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e wá, èyí tó gbé laptop láìgbé ṣájà sì gbọ́dọ̀ wá ra òmíràn.

Bí Find my device bá fi ilé kan hàn ọ́, má dá lọ síbẹ̀, má sì kó ọ̀rẹ́ lọ. Ọlọ́pàá ni kí o mú lọ. Laptop kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wá.

Kí ni mo fẹ́ fi rìsíìtì ṣe lẹ́yìn tí mo ti rà á tán?

Láìsí i, kò sí ohun tí o fi máa sọ pé tìẹ ni. Ya fọ́tò rìsíìtì àti serial number, fi ránṣẹ́ sí email ara rẹ. Bí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ṣí PowerShell, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí o tẹ Get-CimInstance Win32_BIOS, wàá rí i. Rìsíìtì tún ní iṣẹ́ kejì lórílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ọlọ́pàá ti dá dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n pè ní ọmọ Yahoo kìkì nítorí laptop tó wà nínú báàgì wọn. Ó wà lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi tú síta ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n fi tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà.

Mo fẹ́ ra tókùnbọ̀. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kì í ṣe jíjí?

Béèrè rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti serial number, kí o fi wé èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti èyí tó wà nínú BIOS. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Bí BIOS bá ń béèrè password tí olùtajà kò mọ̀, tàbí tí Mac bá ń béèrè Apple account ẹlòmíràn, má rà á. Bí o bá ń gbé Windows tuntun sí i, tí ó sì ń sọ pé ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, má rà á. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà, ní abala 427, ka gbígba ẹrù tí ènìyàn mọ̀ pé jíjí ni sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, iye tó fi dín sí ti ọjà kò sì ní gbà ọ́ sílẹ̀ níwájú adájọ́. Jẹ́ kí olùtajà tan án, kó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ kí o tó sanwó. Bó bá ní kò sí àyè, lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.