Sandra Oh

Sandra Miju Oh (tí wọ́n bí ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1971) jẹ́ òṣèré sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà. Ipa Dókítà Cristina Yang nínú eré tẹlifíṣọ̀n Grey's Anatomy àti ti Eve Polastri nínú eré tẹlifíṣọ̀n Killing Eve ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù.

Nepean, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ottawa, ni wọ́n bí i sí. Kòríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá sí Kánádà. Oníṣòwò ni bàbá, ìyá sì jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń kọ́ ijó balẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó parí girama, Yunifásítì Carleton fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin láti wá kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Kò gbà á. Ilé-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ti orílẹ̀-èdè Kánádà ní Montreal ló forí lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn òbí rẹ̀ kò dùn sí iṣẹ́ òṣèré, ó sì jáde níbẹ̀ ní 1993.

Fíìmù tí CBC, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Kánádà, ṣe lórí ìgbésí ayé òǹkọ̀wé Evelyn Lau ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Lọ́dún 1994, ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn nínú Double Happiness, èyí tí Mina Shum darí: ọmọbìnrin ará Ṣáínà kan ní Kánádà fẹ́ di òṣèré, àmọ́ ọkọ ni àwọn òbí rẹ̀ ń wá fún un. Ẹni tó bá mọ ìtàn Oh fúnra rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí i. Fíìmù yìí gba Genie, àmì-ẹ̀yẹ sinimá ti Kánádà, fún un, ó sì tún gba èkejì nítorí Last Night (1998).

Ní Amẹ́ríkà, ó kópa nínú eré Arliss lórí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n HBO láti 1996 dé 2002. Ó wà nínú fíìmù Sideways (2004), tí Alexander Payne, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, darí. Ìgbéyàwó wọn tú ká ní 2006.

Nígbà tí Grey's Anatomy fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ipa Miranda Bailey ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Òun ló béèrè bóyá ipa mìíràn wà. Cristina tó wá mú jẹ́ oníṣẹ́-abẹ tí kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí kò sì fẹ́ bímọ. Ó ṣe é fún apá mẹ́wàá títí di 2014. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe ní 2006, wọ́n sì yàn án lẹ́ẹ̀márùn-ún mọ́ àwọn tó ń du Emmy, àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, kò jẹ ẹ́ rí.

Ti Killing Eve ṣàrà ọ̀tọ̀. Bí wọ́n ṣe fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí i, ńṣe ló ń ṣí i síwá sẹ́yìn, tó ń wá ipa tirẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn pé ipa Eve, olú ẹ̀dá-ìtàn, gan-an ni. Aṣojú rẹ̀ ló là á yé e lórí fóònù. Ní 2018, eré yìí sọ ọ́ di obìnrin àkọ́kọ́ tó ní ìran Éṣíà tí wọ́n yàn fún Emmy òṣèrébìnrin tó léwájú nínú eré dírámà. Ní oṣù Kìíní 2019, òun àti òṣèré Andy Samberg jọ ṣe alága ìjókòó ètò Golden Globe, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èdè Kòríà ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn náà.

Ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2018. Ní 2022, Kánádà fi oyè Order of Canada dá a lọ́lá. Ó sì wà lára ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà níbi ìsìnkú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà. Lára iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ni eré tẹlifíṣọ̀n The Chair (2021) àti ohùn Ming nínú fíìmù àwòrán Turning Red (2022). Ní 2025, ó ṣe Olivia nínú Twelfth Night ti Shakespeare ní gbangba Central Park, New York, pẹ̀lú Lupita Nyong'o.