Ẹ má fún rọ́bà epo lọ́rùn pa

Bàbá kan tó ń fi Peugeot 504 akẹ́rù kó àgbàdo láti oko wá sí ọjà Kétu wa, ní ilẹ̀ Benin, yà sí garáàjì mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ti di ọ̀mùtí. Ẹ̀sáńsì tí mo rà láàárọ̀ kì í dalẹ́ mọ́." Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn lé mi sẹ́yìn. Ọkọ̀ kò mu ju bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ. Ńṣe ló ń tò ó dànù. Rọ́bà tó ń gbé epo láti pọ́ǹpù lọ sí kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ti gé lábẹ́ kólíyè tí wọ́n fi dè é, epo sì ń kán tó, tó, tó sára ẹ́ńjìnì gbígbóná. Kólíyè ọ̀hún tuntun ni, ó ń dán yinrin. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ dè é. "Mo mà fún un dáadáa o, Ọ̀gá." Mo ní, "Bàbá, fífún tí ẹ fún un dáadáa yẹn ló gé e."

Kólíyè ni irin pẹlẹbẹ róbótó tí a fi ń di rọ́bà epo mọ́ ẹnu páìpù. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà ń pè é ní kílíìpù. Àwa tó kọ́ mọ́tò lédè Faransé ń pè é ní kólíyè. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rò ó kó tó rà á. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé yàrà Kétu àtijọ́ jìn, síbẹ̀ ẹnu ibodè, Àkàbà Ìdẹ́nà, ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ọ̀nà epo. Páìpù irin kì í sábà jò láàárín. Ibi tí rọ́bà ti pàdé irin ló ti ń jò.

Èyí tó kún ọjà ni kólíyè oníhò, tí sukurúù rẹ̀ ń jẹ àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ìgbànú rẹ̀ lọ bí aràn tó ń wọ́. Ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lumley Robinson, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú kólíyè báyìí ní 1921. Ṣùgbọ́n eyín tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni tiẹ̀, kò lu já. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà lónìí, ihò wọn lu já. Bí a bá ti ń fún un, rọ́bà á máa yọ sínú ihò, etí ihò á sì máa rẹ́ ẹ bí ẹní fi ọ̀bẹ rẹ́ ilá. Fún omi rajétọ̀, mi ò bá a jà, rọ́bà ibẹ̀ nípọn. Fún rọ́bà epo tí fífẹ̀ inú rẹ̀ kò ju mílímítà 6 tàbí 8 lọ, mi ò fẹ́ rí i.

Èyí tí mo fẹ́ ni èyí tí ìgbànú rẹ̀ kò ní ihò kankan, tí wọ́n yí etí rẹ̀ méjèèjì sókè bí etí abọ́, tó jẹ́ bóòtù kékeré kan àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló ń fà á pọ̀. Ẹ sọ fún ontàjà pé kólíyè ẹ̀sáńsì lẹ fẹ́, kì í ṣe ti omi. Bí kò bá yé e, ẹ ki ìka bọ inú kólíyè tó bá mú wá, kí ẹ yí i. Bí ó bá họ yín níka, yóò họ rọ́bà.

Ohun kan ló le nípa rẹ̀: kì í gba ààyè púpọ̀. Bí wọ́n bá kọ 13-15 sí i lára, rọ́bà tí ìta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13 sí 15 ló wà fún, kò sí fún 12, kò sì sí fún 17. Ìta rọ́bà la sì ń wọ̀n, kì í ṣe inú, nítorí pé rọ́bà méjì tí inú wọn jẹ́ 8 lè yàtọ̀ ní nínípọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣì í níbí. Kólíyè tó bá tóbi jù, bó ti wù kí ẹ fún un tó, kò ní yí rọ́bà ká dọ́gba. Ńṣe ló máa ń rí gbọọrọ bí ẹyin, á fún ìhà kan, á fi ìhà kejì sílẹ̀. Ibi tó fi sílẹ̀ yẹn ni epo máa gbà.

Ẹ tún wo lẹ́tà ara rẹ̀. W1 ni irin lásán tí wọ́n fi síǹkì bò. W2, ìgbànú rẹ̀ kì í dípẹtà ṣùgbọ́n sukurúù rẹ̀ ń dípẹtà. W4, gbogbo ara rẹ̀ ni irin tí kì í dípẹtà. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), létí ọ̀sà, kó máa lépa W4. Bí lẹ́tà bá ti parẹ́, ẹ fi òòfà kan sukurúù: bí ó bá gbé e mọ́ra gírígírí, kì í ṣe W4 nìyẹn.

Irú mìíràn tún wà. Kólíyè onísípíríǹgì, tí a ń fi pẹ́ńsì tẹ̀ kó tó là, dára níbi tí epo kò ti ní agbára, kò sì burú láti dá a padà bí ilé iṣẹ́ bá fi í sọ́kọ̀. Kólíyè elétí, tí a ń fi pẹ́ńsì tirẹ̀ fún etí rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú u, ẹ sọ ọ́ nù. Wáyà ńkọ́? Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wáyà la fi ń dè é. Kì í ṣe ohun tí mo fi ń yangàn.

Kólíyè nìkan kọ́ o. Pọ́ǹpù ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ bíi 504, tó jáde ní 1968 tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kì í ti epo ju bíi bar 0.2 sí 0.3 lọ (bar la fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo). Ọkọ̀ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì sábà máa ń ti bíi bar 2.5 sí 3, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá. Rọ́bà méjèèjì jọra lójú, àmọ́ iṣẹ́ wọn kò jọra. Ẹ ka ara rọ́bà: R6 tàbí R7 wà fún kabúrétọ̀, ti ọkọ̀ tó ń fín epo gbọ́dọ̀ jẹ́ R9. Ti Mercedes 190E tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní bar 5. Páìpù tó ti pọ́ǹpù rẹ̀ jáde, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń so ó. Bí ẹ bá bá kólíyè níbẹ̀, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án ṣáájú yín, ẹ má sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, sukudiráfà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ó ń yọ̀, á gún rọ́bà tàbí kó gún yín lọ́wọ́. Orí sukurúù kólíyè ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà: kíléè-à-pípù, ìyẹn sípánà tó tẹ̀ lọ́rùn tó ń bo orí sukurúù, nọ́ńbà 7 ló sábà máa ń bá ti Yúróòpù mu, ti Amẹ́ríkà a máa gba 8. Ìka mẹ́ta ni kí ẹ fi di kíléè náà mú, kì í ṣe gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Bí rọ́bà bá ti wú díẹ̀ létí ìgbànú, ó tó. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi gé rọ́bà kí ojú rẹ̀ gún. Ayùn irin ń da ẹ̀rún sínú rẹ̀, ẹ̀rún kan sì tó láti dí ihò tíńtín inú kabúrétọ̀. Bí ẹnu páìpù bá ní ìkókó tó yọ yí i ká, ẹ ti rọ́bà kọjá rẹ̀, kí kólíyè jókòó sẹ́yìn ìkókó, kó má gun orí rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹ sì tú orí òdì bátìrì. Èéfín ẹ̀sáńsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń sùn sílẹ̀, ó sì máa ń kún inú kòtò garáàjì. Nítorí náà, ẹ má gbé iná wọ kòtò. Àgbá tó ní ìdérí ni kí ẹ da epo tó bá jáde sí, kì í ṣe ìgò bíi ti àwọn oní-kpayo tó ń ta ẹ̀sáńsì lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ gbé yanrìn sítòsí. Omi kì í pa iná ẹ̀sáńsì, ńṣe ló ń tàn án kálẹ̀.

Ibi tó ń da àwa mẹkáníìkì pàápàá láàmú ni ìhà tí pọ́ǹpù ti ń fà. Láti táńkì dé pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnì, fífà ni pọ́ǹpù ń fa epo, kò sí ohun tó ń tì í. Kólíyè tó bá dẹ̀ níbẹ̀ lè má jò rárá. Afẹ́fẹ́ ló máa ń wọlé. Ó dà bí ọmọdé tó ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi mu, tí ọ̀pá náà lu: afẹ́fẹ́ ló máa kún ẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ agásóìlì, ìyẹn èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ló ń fi èyí hàn jù. Láàárọ̀ á gbiná, á kú, á tún gbiná, á tún kú. Bó bá ń gun òkè, á máa já. Olówó á ra pọ́ǹpù, á ra fílítà, kò ní yí padà, nítorí kò sí ibi tó tutù tí ojú lè rí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi rọ́bà epo tí ojú ń là kọjá, bí ìka ọwọ́ kan, há àárín ọ̀nà náà nítòsí pọ́ǹpù, kí n tó tan ẹ́ńjìnì. Bí mo bá rí ìfóófòó tó ń sáré lọ, mo ti mọ̀. Láti táńkì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kólíyè kan lẹ́ẹ̀kan, títí ìfóófòó á fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni mo ń yọ ọ́ kúrò, torí ooru ẹ́ńjìnì á sọ ọ́ di gbígbẹ. Àwọn rọ́bà tín-ín-rín aláṣọ tó ń dá gásóìlì padà lórí àwọn ẹnu ìfínpo, ẹ má ti kólíyè sí wọn. Wọ́n máa ń fúnra wọn di ara wọn mú.

Rọ́bà tuntun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ kólíyè lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tó sì tutù níwọ̀n ìgbà díẹ̀. Mo ní kí bàbá oní-504 padà wá ní ọjọ́ kẹrin, ó sì wá. Mo fi kíléè kan kólíyè, ó gbà díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin yíyípo kan, mo sì fi í sílẹ̀. Ó ní kí n fún un sí i, kó lè dá òun lójú. Mo ní rárá. Ó wò mí, ó wo kólíyè, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fúnra rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ìlárá lọ.